Géèmù College Football 25 dùn, ṣùgbọ́n ta ló bá àwọn eléré náà dúnàádúrà?

Ó ti lé ní ọdún kan tí EA Sports College Football 25 ti wọ ilé wa ní Houston, ọmọkùnrin ẹ̀gbọ́n mi, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di oúnjẹ. Èmi ni mo san 70 dọ́là ó dín sẹ́ǹtì kan tí wọ́n ń tà á nígbà tó jáde, nítorí náà ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀. Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe irú èyí tí Shooting Stars ń gbá n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó ṣóńṣó lẹ́nu méjèèjì bí ẹyin tí wọ́n fà gùn, tí wọ́n ń fọwọ́ jù, tí wọ́n ń gbé sáré, tí àwọn géńdé tó dé akoto sì ń fi gbogbo ara kọlu ara wọn nítorí rẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbajúmọ̀ tó ti àwọn tó fi í ṣe iṣẹ́ jẹun. Pápá Yunifásítì Michigan nìkan ń gba èèyàn tó lé ní 107,000. Owó tíkẹ́ẹ̀tì ń wọlé, owó tẹlifíṣọ̀n ń wọlé, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ń gba mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún ni NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì níbẹ̀, fi òfin dè é pé akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù náà kò gbọdọ̀ gbà ju owó ilé ẹ̀kọ́, ilé gbígbé àti oúnjẹ lọ. Ìjà lórí òfin yẹn ló mú kí géèmù yìí pòórá fún ọdún mọ́kànlá gbáko. Nígbà tó sì padà dé ní 19 oṣù Keje 2024, ó dé pẹ̀lú ohun tí kò sí nínú rẹ̀ rí, ìyẹn orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn, tí wọ́n gba owó lé lórí.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti adùn, nítorí ó dùn. Ẹgbẹ́ 134 ló wà nínú rẹ̀, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú pápá rẹ̀, orin rẹ̀, ẹ̀wù rẹ̀ àti bí ó ṣe máa ń wọ pápá. Nígbà àkọ́kọ́ tí a gbé ẹgbẹ́ wa lọ sí Kyle Field, pápá Texas A&M tí àwọn tó ṣe géèmù náà fúnra wọn kà sí ibi tó nira jù lọ fún àlejò, ojú tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, àwọn ìlà tó yẹ kó fi ibi tí eléré máa sá gbà hàn ọ́ sì ń lọ́ bí ejò, nítorí pé wọ́n fẹ́ kí o mọ bí ariwo ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ṣe ń da orí ọmọ ogún ọdún rú. Ọmọ náà ju páàdì sórí àga, ó ní, "Ọ́ńkù, mi ò gbọ́ ohun tí mò ń rò mọ́!" Mo wo ojú fèrèsé, òru ti jìn, gbogbo àdúgbò ti sùn.

Eré inú rẹ̀ yára ju ti Madden lọ, ìyẹn géèmù tí ilé iṣẹ́ kan náà ń ṣe fún NFL, líìgì àwọn tó fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣe iṣẹ́. Ó tún fàyè gba àṣìṣe àti àrà tí a mọ̀ mọ́ àwọn ọ̀dọ́. Ohùn Chris Fowler àti Kirk Herbstreit tí ń ṣàlàyé ìdíje náà bá a mu gan-an. Àléébù kan tó yẹ kí olùrà mọ̀ ṣáájú ni pé orí PlayStation 5 àti Xbox Series X tàbí S nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà tàbí PlayStation 4 kò rí tirẹ̀ ṣe.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí géèmù yìí fi ṣe aláìsí fún ọdún mọ́kànlá ní láti bá Ed O'Bannon dé ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. O'Bannon ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ basketball Yunifásítì UCLA tó gba ife-ẹ̀yẹ ní 1995. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tó ti di ẹni tó ń ta mọ́tò ní Las Vegas, ó yà sí ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì bá ọmọ ọ̀rẹ́ náà nídìí géèmù. Eléré tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n pá lórí bíi tirẹ̀, ọwọ́ òsì ló ń lò bíi tirẹ̀, nọ́ńbà 31 ló wọ̀ bíi tirẹ̀, UCLA ló sì ń gbá fún. Orúkọ nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọn kò bi í, wọn kò sì fún un ní kọ́bọ̀. Ní 2009, ó gbé NCAA àti EA, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwọn géèmù yìí, lọ sílé ẹjọ́. Ní ọdún yẹn kan náà ni Sam Keller, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Arizona State àti Nebraska, pe ẹjọ́ irú rẹ̀ lórí géèmù bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá nígbà yẹn kò fi ojú pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n á kọ "QB #15" (QB ni kọ́tàbáàkì, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́) sí ibi tó yẹ kí orúkọ wà, wọ́n á fún un ní gíga, àwọ̀ ara àti ọwọ́ tó fi ń ju bọ́ọ̀lù, gbogbo ọmọdé tó ń wo tẹlifíṣọ̀n á sì mọ ẹni tí wọ́n ń wí. Ohun tó kù ni orúkọ, àwọn olùfẹ́ géèmù á fọwọ́ ara wọn kọ gbogbo rẹ̀, wọ́n á sì pín in fún ara wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. EA àti ilé iṣẹ́ tó ń bójú tó àmì ìdánimọ̀ àwọn yunifásítì fi 40 mílíọ̀nù dọ́là parí ẹjọ́ tiwọn, NCAA fi 20 mílíọ̀nù parí ti Keller, Adájọ́ Claudia Wilken sì dá O'Bannon láre lórí NCAA ní oṣù Kẹjọ 2014. NCAA Football ni géèmù yìí ń jẹ́ nígbà yẹn; NCAA Football 14, tó jáde ní oṣù Keje 2013, ni àṣekẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èèyàn ń ra ògbólógbòó ẹ̀dà rẹ̀ ní iye tó ju ti tuntun lọ.

Ilẹ̀kùn ṣí padà ní 2021. Nínú ẹjọ́ Alston, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà fẹnu kò pé NCAA rú òfin ìdíje ọjà pẹ̀lú bó ṣe dín ohun tí yunifásítì lè fún eléré lórí ẹ̀kọ́ kù. Nígbà tó fi máa di 1 oṣù Keje ọdún yẹn, NCAA ti gbà kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa gba owó lórí orúkọ, àwòrán àti ìrísí wọn. EA wá kéde pé òun máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá buwọ́ lùwé ní 600 dọ́là àti ẹ̀dà géèmù kan, àwọn tó sì buwọ́ lù ú lé ní 11,000.

N kò fojú di 600 dọ́là. Ní 2014, ní àkókò tí Shabazz Napier gba ife-ẹ̀yẹ basketball fún UConn, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn alẹ́ kan wà tí ebi máa ń gbé òun sùn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ 600 dọ́là í ná. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ìṣirò tirẹ̀ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ní owó náà kò tó ra ẹ̀dà géèmù mẹ́sàn-án. Ìṣirò ọmọdé ni lóòótọ́, nítorí kò yọ owó àwọn tó kọ géèmù náà, owó ilé ìtajà àti owó àwọn yunifásítì kúrò. Síbẹ̀ Circana, ilé iṣẹ́ tó ń ka ọjà géèmù ní Amẹ́ríkà, kéde pé kò sí géèmù eré ìdárayá kankan tó tíì pa owó tó o ní orílẹ̀-èdè náà, nítorí náà ìṣirò ọmọdé náà kò yẹ ní fífọwọ́ rọ́ sẹ́yìn.

Bó ti wù kó rí, iye owó náà kọ́ ló ń dùn mí jù. Pé ìràwọ̀ àti ẹni tó ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì gba iye kan náà tilẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni bí wọ́n ṣe dé orí iye náà. Ní ọjà Bódìjà, ìyá tó ń ta tòmátì ló ń kọ́kọ́ dá iye lé ọjà rẹ̀, oníbàárà á ní ó wọ́n, ìyá á ní kó fowó lé e, wọ́n á sì pàdé láàárín. Nínú ọ̀rọ̀ géèmù yìí, oníbàárà ló dá iye lé ọjà ọlọ́jà, ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó buwọ́ lù ú, ẹni tí kò bá fẹ́, òun á fi ayédèrú eléré dí àyè rẹ̀. Arch Manning ti Texas kọ̀ ọ́ lákọ̀ọ́kọ́, ó sì padà wọlé lẹ́yìn tí géèmù ti jáde. Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló ń jẹ́ ọmọ ọmọ Archie Manning, tí Peyton àti Eli jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jẹ́ ìràwọ̀ NFL nígbà tiwọn? Ní 2023, ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ College Football Players Association rọ àwọn eléré pé kí wọ́n má buwọ́ lùwé nítorí owó náà kéré. Ọ̀rọ̀ náà kò ràn, nítorí pé kò sí okùn kankan tó so ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ọ̀dọ́ tó wà káàkiri Amẹ́ríkà pọ̀.

Ẹ wo Madden, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n géèmù yìí. Àwọn eléré NFL ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹgbẹ́ náà ló ń ta ẹ̀tọ́ orúkọ gbogbo wọn pọ̀, òun ló sì ń jókòó síwájú EA láti sọ iye tó fẹ́. Àwọn àgbà ní àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Bí ọká bá ṣáájú, tí paramọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn, EA á fa àga fún wọn.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti rìn pọ̀. Ní oṣù Kìíní 2014, Kain Colter, tó jẹ́ kọ́tàbáàkì Northwestern nítòsí Chicago, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ láti dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀. Ní 26 oṣù Kẹta, Peter Sung Ohr, ọ̀gá àjọ NLRB tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní ẹkùn náà, sọ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n lóòótọ́, nítorí pé akọ́nimọ̀ọ́gbá ló ń pa àkókò wọn láṣẹ, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sì ni owó ọ̀yà wọn. Wọ́n dìbò ní 25 oṣù Kẹrin. Wọ́n ti àpótí ìbò pa kí àjọ náà ní Washington tó sọ̀rọ̀, nígbà tí àjọ náà sì sọ̀rọ̀ ní oṣù Kẹjọ 2015, ó ní òun kò ní dá sí i, nítorí pé nínú gbogbo ẹgbẹ́ tó wà ní líìgì Northwestern nígbà náà, Northwestern nìkan ni kì í ṣe ti ìjọba, òfin àjọ náà kò sì dé ọ̀dọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba. Títí di òní, wọn kò ka ìbò náà. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí wọ́n dì í, ní oṣù Kẹta 2024, àwọn ọmọ basketball Dartmouth dìbò tiwọn, 13 sí 2, láti wọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Yunifásítì náà kọ̀ láti bá wọn jókòó, nígbà tí ọdún yẹn sì ń parí lọ, wọ́n fa ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn padà kí ìjọba tuntun má baà fi dá ẹjọ́ tó máa ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Mo padà sórí géèmù. Ibi tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lo àkókò jù ni Dynasty, níbi tí o ti ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí o sì ń wá ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama tó máa wá gbá fún ọ. Iṣẹ́ ńlá ni. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fún ọ ní wákàtí díẹ̀, ìwọ ni o máa pín in: o lè tẹ ọmọ láago, o lè fi ìwé ránṣẹ́ sí i, o lè pè é wá wo pápá ní ọjọ́ ìdíje ńlá. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ohun tó ń wá, yálà bí ilé ẹ̀kọ́ ṣe súnmọ́ ilé rẹ̀, tàbí bó ṣe máa tètè rí àyè gbá, tàbí iyì ẹ̀kọ́ ibẹ̀, tàbí bí orúkọ rẹ̀ ṣe máa tàn kálẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń lé ọmọkùnrin kan láti Georgia tó ní ìràwọ̀ márùn-ún, ìyẹn òṣùwọ̀n tó ga jù lọ fún ọmọ tí ẹgbẹ́ ń wá. A ti fi gbogbo wákàtí wa lé e lórí, síbẹ̀ ó ń fà sẹ́yìn. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wo ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, níbo la ti máa fún un lówó?" Mo gba páàdì, mo wá a títí. Kò sí níbẹ̀. Nínú géèmù tó jẹ́ pé ẹjọ́ lórí owó eléré ló pa á, tí owó eléré sì tún jí i dìde, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò ní ibi tó ti lè ṣèlérí dọ́là kan fún eléré. "Bí orúkọ ṣe máa tàn kálẹ̀" ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Mo ka ìyẹn sí àbùkù tó tóbi jù lọ nínú Dynasty, nítorí ní 2024, kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ní Amẹ́ríkà tó lè bá ọmọ onírawọ̀ márùn-ún sọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú márùn-ún kí owó tó wọ ọ̀rọ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n ṣe dáadáa tó sì dẹ́rù bà mí. Géèmù náà ń ka bí wọ́n ṣe ń kọlu eléré kọ̀ọ̀kan, ó sì ń fi ibi tó ń rẹ̀ ẹ́ hàn, èjìká lọ́tọ̀, orúnkún lọ́tọ̀, orí lọ́tọ̀. Tí o bá ń lo ẹnì kan ṣoṣo láti gbé bọ́ọ̀lù ní gbogbo ìgbà, wàá rí i tí ara rẹ̀ ń bàjẹ́ lójú rẹ. Ní 1955, Ray Dennison, tó ń gbá fún Fort Lewis A&M ní Colorado, fara gbọgbẹ́ lórí nígbà ìdíje, ó sì kú. Ìyàwó rẹ̀ béèrè owó ìrànwọ́ tí òfin ní kí wọ́n máa san fún ẹbí òṣìṣẹ́ tó bá kú sẹ́nu iṣẹ́. Ní 1957, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Colorado sọ pé ọkọ rẹ̀ kì í ṣe òṣìṣẹ́. Àsìkò yẹn gan-an ni NCAA, lábẹ́ Walter Byers, mú kí gbogbo èèyàn máa pe irú wọn ní "akẹ́kọ̀ọ́ eléré ìdárayá", orúkọ tó dùn létí tó sì ń ti ilẹ̀kùn mọ́ opó.

Àwọn tó ta ko sísan owó ní ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbọ́. Wọ́n ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kì í ṣe ohun kékeré, òbí Yorùbá wo ló sì máa jiyàn? Wọ́n ní ọ̀pọ̀ yunifásítì kì í jèrè lórí eré ìdárayá, àti pé owó bọ́ọ̀lù ló ń gbé ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ àti ọmọ tó ń sáré. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Yunifásítì Houston, tí kò jìnnà sí ilé wa, ni Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ti gbá basketball láti 1981 dé 1984, tí wọ́n dé Final Four, ìyẹn ìpele tó ku ẹgbẹ́ mẹ́rin péré, ní ọdún mẹ́ta léra wọn. Ohun tó kọ́ níbẹ̀ ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀. Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, gba ipò kìíní NCAA nínú eré ìfòdènà 100 mítà ní 2017 fún UTEP, ní Texas níbí kan náà. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kábàámọ̀ ìrìn àjò náà. Àmọ́ àǹfààní tí èèyàn rí gbà kò sọ pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè iye tí wọ́n ta orúkọ rẹ̀. Ìṣòro àwọn ọmọ wa tilẹ̀ tún lé kan: ìwé ìwọ̀lú F-1 tí akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun ń gbà kò jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe wù ú lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ní 2022, nígbà tí ẹgbẹ́ Kentucky lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bahamas, ibẹ̀ ni Oscar Tshiebwe, ọmọ Congo, ti ráyè ṣe iṣẹ́ ìpolówó tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe nílé.

Nǹkan ti yí padà sí i láti ìgbà tí mo ti ra géèmù náà. Ní 6 oṣù Kẹfà 2025, Adájọ́ Wilken yẹn kan náà fọwọ́ sí àdéhùn ẹjọ́ House, tí àwọn eléré pe NCAA: nǹkan bí 2.8 bílíọ̀nù dọ́là fún àwọn eléré àtẹ̀yìnwá láàárín ọdún mẹ́wàá, àti àyè fún yunifásítì kọ̀ọ̀kan láti pín tó 20.5 mílíọ̀nù dọ́là fún àwọn eléré rẹ̀ ní ọdún àkọ́kọ́. Owó ńlá ni, inú mi sì dùn sí i. Síbẹ̀ NFL náà ní òkè tí owó kò gbọdọ̀ kọjá, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló sì bá wọn dé orí rẹ̀. Ti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yìí, àwọn lọ́yà ló bá wọn dé e. College Football 26 jáde ní oṣù Keje 2025, EA sì gbé owó eléré kọ̀ọ̀kan sókè sí 1,500 dọ́là. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Ọ̀nà kan náà ló gbà wá: ilé iṣẹ́ dá iye, ọmọ buwọ́ lùwé.

Nípa rírà, ohun tí mo lè sọ kò pọ̀. Ẹni tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà kò ní kábàámọ̀ ẹ̀dà 25, owó rẹ̀ sì ti wálẹ̀ báyìí. Ẹni tó bá fẹ́ rí orúkọ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá gidi nínú rẹ̀, kó lọ ra 26, nítorí wọn kò sí nínú 25. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù náà rárá lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Road to Glory, níbi tó ti máa jẹ́ eléré kan ṣoṣo, tó sì máa pín ọ̀sẹ̀ rẹ̀ sáàárín ìwé kíkà, ìgbaradì àti ìtọ́jú ara. Ẹ jọ̀wọ́, tí ọmọdé bá wà nílé, ẹ má fi káàdì báńkì yín sílẹ̀ sórí ẹ̀rọ náà: apá tí wọ́n ń pè ní Ultimate Team ń ta àpò tí o kò mọ eléré tó wà nínú rẹ̀ fún ọ ní owó gidi, kò sì ní òpin.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi ẹgbẹ́ tí a ń lò tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Northwestern ló ń ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá fún báyìí, láti ìgbà tí mo ti sọ ìtàn àpótí ìbò náà fún un, ó sì ti di ọdún kẹta tó ń fìdí rẹmi. Ọmọ onírawọ̀ mẹ́rin tó ń lé lọ́sẹ̀ tó kọjá lọ sí ibòmíràn, ó ní ibẹ̀ ló súnmọ́ ilé.